Kọ̀ǹpútà Tó Ń Jẹ Lẹ́tà Láàárọ̀

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà tó dojú kọ ilé ìwé, wọ́n ní lẹ́tà ló ń jẹ. Kì í jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kì í jẹ ẹ́ lálẹ́, àárọ̀ nìkan ló máa ń jẹun, bí ẹni tí dókítà fún lófin. Wọ́n tún ní tó bá di Sọ́ńdè, kì í fẹnu kan nǹkan kan. Ọkùnrin tó ń ta ìṣó ní òdìkejì títì búra pé òun fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ síbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, pé ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà náà rí i nígbà tó ń wọlé, ó kàn yíjú kó mumi, kó tó gbé ife sílẹ̀, lẹ́tà ti di àwátì. Ìyá tó ń rán kọ́tìnì fi tiẹ̀ lé e: ó ní èyí tí wọ́n bá so àwòrán mọ́ ló fẹ́ràn jù, òun ló máa ń kọ́kọ́ mú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé etí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Pa-á-kó-o-tàn-án, kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti jẹun yó, ó ti ń gùnfẹ̀.

Orúkọ yẹn ò tọ́ sí obìnrin náà rárá. Àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe tó kù ló máa ń sọ fún ènìyàn pé kó pa á, kó tún tàn án. Ní tiẹ̀, ó lè jókòó síwájú ẹ̀rọ fún odindi wákàtí kan láì fọwọ́ kàn án, kó máa bi ẹni tó ni ín ní ìbéèrè bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ mú àfẹ́sọ́nà wálé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi orúkọ náà ṣe é ní yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan, àdúgbò gbọ́, àdúgbò gbé e, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.

Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ dé ibi kankan rí. Iṣẹ́ atẹ̀wé ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì ilé ìwé kan. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wá síbẹ̀, àwọn olùkọ́ wá aṣọ tó mọ́, wọ́n dà á bò ó, wọ́n sì ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí ọmọ ń sùn níbẹ̀. Òun ló mú ìwé pẹlẹbẹ tó bá a wá lọ sílé, ó kà á bí ẹni tó ń ka lẹ́tà olólùfẹ́. Ọjọ́ kẹta ló ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rọ bá ń yọ lẹ́nu, òun ni wọ́n ń ké sí.

Àpò aláwọ̀ ilẹ̀ kan ni kì í kúrò léjìká rẹ̀. Ṣúkúrúdíráfà wà níbẹ̀ tí kò tíì lò láti ọdún tó kọjá, láptọ́ọ̀pù kékeré wà níbẹ̀, bísíkíìtì wà níbẹ̀, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan sì wà níbẹ̀. Inú ìwé yìí ló máa ń kọ ẹ̀sùn oníbàárà sí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, láì tún un ṣe. Ojú ìwé kan ní: "Ẹ̀rọ yìí ń bá mi ṣe kèéta." Òmíràn ní: "Tí ọkọ mi bá wọlé, kì í ṣiṣẹ́ mọ́, tó bá jáde, á ṣiṣẹ́." Ó yanjú méjèèjì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọkọ ló ń jókòó sórí wáyà.

Ó tún ní ìwà kan. Ó máa ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ó sì máa ń fi ọjọ́ orí wọn wọ̀n wọ́n. Èyí tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, "ìwọ" ló ń pè é. Èyí tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ó di "ẹ̀yin", ó di "sà".

Ọmọ rẹ̀ á ní, "Màámi, ẹ ò kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi báyìí rí."

Á ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ò bá mi ṣiṣẹ́ kan rí."

Ọjọ́ Fúráìdè ló wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà, aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó ti bo gbogbo ilẹ̀, àga tí wọn ò tíì kùn tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n yí ẹsẹ̀ sókè bí ewúrẹ́ tó sùn. Ọ̀gá ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin ni Ọ̀gá, àkọ́bí ẹni tó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, apá rẹ̀ le bí ọwọ́ ilẹ̀kùn, pẹ́ńsù sì wà lẹ́yìn etí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Pa-á-kó-o-tàn-án."

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ níṣojú ẹ̀rọ, àyà á já a."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a ti wà lẹ́nu ẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè, wọ́n ní àwọn kọ̀wé sí wa, a ò dá wọn lóhùn. Mo lọ wo orí kọ̀ǹpútà, kò sí lẹ́tà. Ẹnì kan wá lánàá, ó ní ká ra kọ̀ǹpútà tuntun. Mo ní kó lọ ra tiẹ̀ ná."

"Ta ló ń jókòó nídìí ẹ̀?"

"Ìyàwó wa ni, ìyàwó àbúrò mi." Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ̀rọ̀ borí ariwo ayùn, ohùn rírẹ̀sílẹ̀ tiẹ̀, ará òdìkejì títì náà á gbọ́ ọ. "Mo fẹ́ràn ẹ̀ o, kì í ṣe pé n ò fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ àwọn lẹ́tà tí kò tíì dáhùn nìkan ló ń sọnù. Gbogbo èyí tó ti dáhùn, wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Irú kọ̀ǹpútà wo ló mọ lẹ́tà tí iṣẹ́ wà nínú ẹ̀?"

"Kí lẹ wá rò?"

"Mo rò pé iṣẹ́ ti sú u, ó ń pa wọ́n rẹ́. Mo ti sọ fún un lójú ara ẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ òní tí n ò mọ ẹni tó ń pa wọ́n rẹ́, tó bá di Mọ́ńdè, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ló máa jókòó síbẹ̀. Ìyàwó wa á lọ máa fi sáńdípépà ha ẹsẹ̀ àga."

Yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé gíláàsì ni ọ́fíìsì náà, ó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó wà níbẹ̀, ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó wá ṣèdánwò. Kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Kó tó dé, inú páálí ìṣó ni lẹ́tà ṣọ́ọ̀bù náà ń sùn, ẹni tó bá ń wá ìwé á kọ́kọ́ gún ọwọ́. Ọdún mẹ́rin ló fi tò wọ́n, tó kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, tó ṣí fáìlì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Báyìí, tí àwọn ènìyàn bá pe ṣọ́ọ̀bù náà, wọn kì í béèrè Ọ̀gá mọ́. Òun ni wọ́n ń béèrè. Àga ìdí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ibi tí wọn kì í ti í pè é ní ìyàwó ẹnì kan. Ọkọ rẹ̀ wà níta fèrèsé, ó ń kun àga. Ẹsẹ̀ àga kan ṣoṣo ló ti kùn lẹ́ẹ̀mẹta, kó má bàa kúrò níbi tí etí rẹ̀ ti lè gbọ́ ohun tó ń lọ.

Pa-á-kó-o-tàn-án fa ìwé rẹ̀ yọ. "Ó yá, sọ fún mi. Má sọ ohun tó o rò fún mi o. Ohun tó o fojú rí ni kó o sọ."

"Mo máa ń rí wọn, mà. Lẹ́tà á wọlé, màá ṣí i, màá kà á. Kí n tó ka èyí tó tẹ̀ lé e tán, ti àkọ́kọ́ ti lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo lọ yẹ ojú wò. Wọ́n ní ojú mi dáa."

"O lọ yẹ ojú wò nítorí lẹ́tà?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà."

"Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Tó bá ti kọjá aago méjìlá, wọn kì í lọ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo máa ń sáré dáhùn wọn. Èyí tí mo bá dáhùn, mo máa ń gbé e sínú fáìlì ẹni tó kọ ọ́, ìyẹn kì í sọnù láé. Èyí tí mi ò bá rí dáhùn kí n tó lọ sílé, tí mo bá fi máa dé láàárọ̀, ó ti lọ."

"Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Mo máa ń rí wọn lórí fóònù mi nílé. Wọn kì í lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń lọ pa pọ̀."

Pa-á-kó-o-tàn-án kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dé bírò, ó ní, "Kí aago mẹ́wàá tó lù, màá ti mú un fún yín." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ mú adìyẹ tó ti há sí kọ̀rọ̀.

Ó wo aago kọ̀ǹpútà náà, ó péye. Ó wo àyè tó wà nínú àpótí lẹ́tà. Ó fẹ̀ tó pápá. Ó wo ibi tí wọ́n ń da lẹ́tà pàǹtí sí, kò rí ju ẹnì kan tó ń polówó oògùn irun lọ. Ó wo agolo ìdọ̀tí, ibi tí lẹ́tà máa ń bọ́ sí tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà náà. Ó ṣófo.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó. Tó bá jẹ́ ibí yìí ló ti pa wọ́n rẹ́, inú ibí ló yẹ ká bá wọn."

"Ẹni tó da ìdọ̀tí sínú agolo náà lè da agolo nù," ni Ọ̀gá wí.

Ìyàwó wo ilẹ̀. Níta, ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kun ẹsẹ̀ àga náà lẹ́ẹ̀kẹrin.

Pa-á-kó-o-tàn-án wá gbé fóònù Ìyàwó. Ó dá a lójú gbangba pé fóònù ni. Àpótí lẹ́tà kan náà ló wà lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹnì kan bá ti ṣètò fóònù pé kó máa palẹ̀ lẹ́tà mọ́, kò sí èyí tó máa ṣẹ́ kù lórí kọ̀ǹpútà. Ó pa fóònù náà, ó fi í lé Ọ̀gá lọ́wọ́, Ọ̀gá jù ú sínú àpò épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ láàárín àwọn ìṣó. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà fi fóònù tara rẹ̀ kọ lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù: "Ìwọ tó ń jẹ lẹ́tà, jẹ eléyìí kí inú run ọ́." Ó wọlé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó ní kí gbogbo wọn gbọ́wọ́ lérí, títí kan Ọ̀gá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ọlọ́ṣà dá dúró. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú géérégé, lẹ́tà náà pòórá.

"Ẹ rí i?" ni Ìyàwó wí. "Ẹ rí i báyìí?"

Kì í ṣe fóònù. Pa-á-kó-o-tàn-án kọ "fóònù" sínú ìwé rẹ̀, ó fi ìlà fà á já bí orúkọ afurasí tí wọ́n dá sílẹ̀, ó sì jẹ bísíkíìtì kan. Ó tún kọ lẹ́tà mìíràn: "Ó dáa, oúnjẹ kejì rèé. Ṣé kí n bu omi sí i?" Ìyẹn lọ nígbà tó di àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ẹ̀kẹta wọlé ní kété lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun tó mì ín títí aago mẹ́wàá fi lù. Ó lù tán, lẹ́tà náà lọ.

"Aago mẹ́wàá ti lù o," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ ní ẹ máa ti mú un."

"Mo ti di ẹsẹ̀ ẹ̀ kan mú. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: ogójì, àádọ́ta, aago mẹ́wàá. Ènìyàn tó ń ṣe jàǹbá kì í tò ó lẹ́sẹẹsẹ báyìí, á fẹ́ lọ tọ̀, á fẹ́ gbé fóònù. Ẹ̀rọ ló ń ṣe eléyìí."

Ó wá ṣe ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ: ó pa kọ̀ǹpútà náà. Ó ní kí Ìyàwó jáde lọ dúró ti ọkọ rẹ̀, kó di búrọ́ọ̀ṣì mú. Láptọ́ọ̀pù kékeré tirẹ̀ ló fi ṣí àpótí lẹ́tà ṣọ́ọ̀bù lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, Ọ̀gá ló bá a tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Ó fi ẹ̀kẹrin ránṣẹ́. Òun àti Ọ̀gá nìkan ni wọ́n jọ ń wò ó. Kọ̀ǹpútà sùn, fóònù wà láàárín ìṣó, Ìyàwó ń fi ọwọ́ méjèèjì kun àga. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn aago mẹ́wàá, lẹ́tà kẹrin gba ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà.

Ọ̀gá yọ pẹ́ńsù kúrò lẹ́yìn etí. Ojú rẹ̀ le sí i ni, kò rọ̀. "Àwa méjì péré la mọ pásíwọ́ọ̀dù yẹn, èmi àti òun. Èmi ò fún ẹnì kankan." Ó kọjú sí fèrèsé, ó gbóhùn sókè. "Ìyàwó wa, ta lo fún ní pásíwọ́ọ̀dù?"

"N ò fún ẹnì kankan, Àǹtí."

"Ẹnì kan ń kó lẹ́tà wa láti ibòmíràn. Tó bá jẹ́ pé àwọn káfíńtà tó wà lójú ọ̀nà kejì lo fún, sọ ọ́ nísinsìnyí kó tó di pé a gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Ìyàwó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò ga. "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n lọ ha àga, màá lọ ha àga. Ẹ má pè mí ní olè."

Ọ̀gá bá yíjú sí Pa-á-kó-o-tàn-án. "Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù yẹn padà ní báyìí, kó parí síbẹ̀."

"N ò ní yí i padà."

"Kí lẹ wí?"

"Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ padà, ẹni tó ń kó o ò ní lè wọlé mọ́, lóòótọ́. Àmọ́ ẹrù tó ti kó, a ò ní mọ ibi tó kó o sí. Ẹ̀yin náà á sì máa wo ọmọ yìí tìfuratìfura títí ayé. Ẹ jẹ́ kí n mú un tán." Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú tó mọ́. "Kí kọ̀ǹpútà yìí tó dé, kí lẹ̀ ń lò?"

"Ti tẹ́lẹ̀ ni. Ó ti darúgbó, a ti gbé e kúrò níbí láti ọdún tó kọjá."

"Ibo lẹ gbé e sí?"

"Bàbá mi la fún. Bàbá ń fi ta ayò káàdì. Àmọ́ ìyẹn ò lè ṣe nǹkan kan, kò sí ìńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Bàbá."

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé. Ọkọ Ìyàwó ni. Láti àárọ̀, kò tíì la ẹnu. "Ó wà," ló wí. "Mo fa wáìfáì débẹ̀ fún Bàbá, kí wọ́n lè máa gbọ́ ìròyìn lórí fóònù."

"Ìgbà wo?" ni àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ béèrè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ronú. "Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "O gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ láti àárọ̀. Kí ló dé tó ò sọ ọ́?"

"Ẹ ò bi mí."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ilé Bàbá wà, àgbàlá tí wọ́n to pákó sí ló là wọ́n láàárín. Bàbá ti kọjá ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láràárọ̀, á de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní aago méje bí ẹni tó lọ síbi iṣẹ́. Tó bá di aago méjìlá, á pa á, á lọ sinmi. Ọjọ́ Sọ́ńdè, kì í tàn án. Ó ní orí òun náà nílò ìsinmi. Bí wọ́n ṣe wọlé, ó na ọwọ́ síta.

"Ẹ má jókòó sórí àpótí yẹn o, gọ́ọ̀mù ara ẹ̀ ò tíì gbẹ."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni Pa-á-kó-o-tàn-án wí. Ó wo kọ̀ǹpútà náà. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí ìwé àtijọ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ń mí fúkẹ́fúkẹ́. Ó tẹrí ba fún òun náà. "Ẹ̀yin náà ẹ káàárọ̀, sà."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. "Ta nìyí?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, nǹkan kan dún nínú kọ̀ǹpútà náà: tíín. Àpótí kékeré kan yọ nísàlẹ̀ ojú rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára pa á dé, ó sì gbé káàdì pupa kan lé dúdú.

"Bàbá, kí lẹ pa dé yẹn?"

"Ó máa ń yọ bẹ́ẹ̀. Á ní lẹ́tà dé. Màá pa á dé, màá máa ta káàdì mi lọ."

"Ẹ ò kà á?"

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó máa ń yọjú wo ilé ìwẹ̀. "Ṣé èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí? Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló wà lára ẹ̀. Mo ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ mi. Láyé mi, n ò já lẹ́tà onílẹ́tà rí."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan, Bàbá?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀yin lẹ fún mi ní kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ẹ fẹ́ kí n máa gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń wọlé ni. Mo máa ń ka iye ìgbà tó bá dún. Lánàá, ó dún lẹ́ẹ̀mẹfà. Òní, ó ti dún lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kò sì tíì di ọ̀sán. Mo ní, háà, ọmọ mi ń ṣe dáadáa."

Bàbá dìde, Pa-á-kó-o-tàn-án jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì ṣí áàpù lẹ́tà tó ti ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ lábẹ́ káàdì. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n gbé bàbá kọ̀ǹpútà yìí kúrò lọ́fíìsì, ẹnì kankan ò sọ fún wọn pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Tí wọ́n bá ti tàn wọ́n, áàpù lẹ́tà inú wọn á ṣí fúnra ẹ̀. Wọ́n ṣì mọ pásíwọ́ọ̀dù, ẹ ò yí i padà rí. Nígbà tí kò sí wáìfáì níbí, kò sí ibi tí wọ́n lè lọ. Wáìfáì dé, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tuntun tó wà lọ́fíìsì, ó kàn ń yọjú wo àpótí lẹ́tà láti ojú fèrèsé ni. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ló ń rí. Ti àwọn wọ̀nyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣètò wọn pé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n lọ kó gbogbo ohun tó bá wà lójú àpótí wálé, kí wọ́n má fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀. Èyí tí ọmọ yìí bá ti dáhùn, tó ti gbé sínú fáìlì, wọn kì í débẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èyí tí kò tíì dáhùn nìkan ló ń lọ." Ó yíjú. "Ta ló ṣètò ẹ̀ báyìí?"

Bàbá ló dáhùn. Ó nàka sí àkọ́bí rẹ̀.

"Òun ni. Mo rántí dáadáa. Ó jókòó ti ẹ̀rọ yìí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ní àyè inú àpótí kéré, ká máa kó gbogbo ẹ̀ wálé kó má bàa kún. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó pè mí wá wò ó."

Ọ̀gá fọwọ́ kan pẹ́ńsù tó wà létí rẹ̀, ó fà á yọ, ó tún fi í padà. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ìyàwó.

"Ìyàwó wa, èmi ni. Ẹni tí mò ń wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni. Mo fura sí ọ, mo sì bú ọ lójú àlejò. Má bínú."

"Mo bínú, Àǹtí," ni Ìyàwó wí. "Mo bínú gan-an. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn ènìyàn yìí lóhùn, kí n tó ráyè bínú yín dáadáa."

"Bínú mi bó o ṣe fẹ́, orí àga ẹ ni kó o ti bínú."

"Ọmọ ọ̀rẹ́ yín tó ń bọ̀ ní Mọ́ńdè ńkọ́?"

"Sáńdípépà pọ̀ níbẹ̀ fún un."

Ọkọ Ìyàwó, tó ti tẹ̀ lé wọn wá, rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì jọ wò ó, ó sì rántí pé òun ní àga tóun ń kùn.

Pa-á-kó-o-tàn-án ti ń yí ètò ẹ̀rọ náà padà. Ó kọ́kọ́ ní kó jáwọ́ nínú kíkó lẹ́tà, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tó ti kó padà sínú àpótí lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka àkọlé wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá: ilé ìwé tó ń béèrè bẹ́ǹṣì, obìnrin tó fẹ́ kí wọ́n fi íǹṣì méjì kún tábìlì rẹ̀, ẹni tó ń ta ìṣó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró lórí ọ̀kan.

"'Ìwọ tó ń jẹ lẹ́tà, jẹ eléyìí kí inú run ọ́.'"

"Ta ló ń ṣépè fún mi?" ni Bàbá béèrè.

Pa-á-kó-o-tàn-án fi ìwé ńlá rẹ̀ bojú. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. N ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń fún lóúnjẹ."

"Inú mi ò tiẹ̀ run mí," ni Bàbá wí, ó sì fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ láti rí i dájú.

Ó ku ohun kan. Ọ̀gá ní kí wọ́n yọ áàpù náà kúrò pátápátá, kí ó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Bàbá ò sọ pé rárá. Ó kàn béèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn, bóyá kò ní máa dún mọ́. Ìyàwó ló dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn.

"Mà, ṣé kò lè máa yọjú láti ojú fèrèsé bíi tèmi, kó máa dún, kó má máa kó nǹkan kan?"

"Ó lè ṣe é dáadáa," ni Pa-á-kó-o-tàn-án wí. Ó ṣe é láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ó sì ní kí Ìyàwó fúnra rẹ̀ yan tuntun, kí Ọ̀gá kọjú sí ògiri nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá kọjú sí ògiri. Ìyàwó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Títí di ọ̀sán ni Ìyàwó fi ń dáhùn lẹ́tà. Tó bá rí èyí tó ti pẹ́ jù, ó ń pe ẹni náà lórí fóònù, ó ń ní, "Ẹ má bínú, lẹ́tà yín wà lọ́wọ́ wa, ọ̀nà ẹ̀ ló jìn díẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀gá gbé omi tútù wọlé fún un fúnra rẹ̀, tó gbé e síbi tọ́wọ́ rẹ̀ á tó, tó sì jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Ó ku lẹ́tà ogún, Àǹtí. Ẹ padà wá."

Pa-á-kó-o-tàn-án gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ sílé bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Nígbà tó dé iwájú ẹni tó ń ta ìṣó, ọkùnrin náà ti ń sọ fún ènìyàn méjì pé wọ́n fún kọ̀ǹpútà ọ̀hún lóògùn, ó sì bì, pé òun gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tóun wà. Obìnrin náà dúró, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì ka ìlà tó kọ gbẹ̀yìn síbẹ̀ fún wọn: lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́fà ló wà nínú kọ̀ǹpútà Bàbá, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó sọnù.